Ibùsùn Ẹmọ́ Tó Dé Adó

Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìn-ín-ní, 1978

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo kí Bàbá, inú mi sì dùn pé ikọ́ wọn ti lọ. Ọkọ mi, Ọlátúndé, ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Fúnṣọ́ ọmọ wa náà ń kí bàbá àgbà àti màmá àgbà. Òtútù ibí ń gé ni létí, ṣùgbọ́n ara wa le.

Mo rí ìwé yín gbà. Ẹ ní Màmá Olúyẹ́misí ará Ìyìn, tó wá kí wa níbí, sọ fún yín pé òun bá mi nídìí máṣìnì, pé ibùsùn eku ni mò ń rán tà. Ẹ wá ń béèrè bóyá wọ́n ti lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí ẹnì kan ò fẹ́ sọ fún yín. Wọn ò lé mi, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí.

Ibùsùn ẹmọ́ ni aṣọ onípele méjì tí a rán pọ̀, tí a ń tẹ́ sínú àgò ẹranko kékeré kan kó lè máa sùn níbi gbígbẹ. Ẹranko náà kì í ṣe eku ilé. Kò nírù, kì í gun ògiri, kì í jalè. Ó jọ ẹmọ́ tí àwọn ọdẹ Ìjan máa ń pa, àfi pé ó sanra jù ú lọ, etí rẹ̀ sì dà bí ewé tó ká. Ẹmọ́ òyìnbó ni mo sọ ọ́ ní orúkọ. Àwọn ọmọ ibí ń sìn ín bí àwa ṣe ń sin ewúrẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á jẹ.

Nígbà ìsinmi, olùkọ́ Fúnṣọ́ fi méjì lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú wọn nílé. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan sókè, mo rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti di egbò. Orí ìfágìpákó tútù, èérún igi tí wọ́n tẹ́ sínú àgò, ló ń jókòó sí. Mo mọ egbò náà lójú ẹsẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ni mò ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù wa lójoojúmọ́, lára àwọn arúgbó tó ti pẹ́ lórí ibùsùn. Ní wọ́ọ̀dù náà, a ní aṣọ onírun kan tí à ń tẹ́ sábẹ́ wọn. Ẹ̀rọ ló ń hun ún, ṣùgbọ́n ó rí bí awọ àgùntàn. Irun rẹ̀ kì í fa omi mu. Omi á gba àárín irun náà kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, ara ẹni tó dùbúlẹ̀ á sì gbẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń hun ún kò jìnnà sí wa, wọ́n sì máa ń kó àjákù rẹ̀ sínú àpò fún ẹni tó bá fẹ́. Mo fi àjákù náà sókè, mo fi tọ́wẹ̀lì àlòkù sísàlẹ̀ kó máa fa omi, mo rán wọn pọ̀. Kò pẹ́ tí egbò àwọn ẹmọ́ náà fi gbẹ. Olùkọ́ rí i, àwọn ìyá ọmọ mìíràn rí i, wọ́n ní kí n rán tiwọn. Báyìí, ọjọ́ Sátidé tí n kò bá lọ síṣẹ́, mo ń tà á ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo máa ń yí etí aṣọ náà sínú kí n tó tún un rán lẹ́ẹ̀kejì, torí òwú tó bá yọ síta lè wé mọ́ ọmọ ìka ẹranko náà kó sì fún un pa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìránṣọ yẹn, lórí àga ìdáná, tí ẹ ń gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá fẹ́ fò ó. Mo dúpẹ́ gbígbá náà.

Èmi ọmọ yín,
Monínúọlá


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ ogún, oṣù Kejì, 1978

Àbẹ̀kẹ́ mi,

A gba ìwé rẹ, a sì yọ̀ pé wọn ò lé ọ. Bàbá rẹ ló kà á sókè fún mi, bí ìgbà tó ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní wọn kì í pa á jẹ, ó dúró, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún ibẹ̀ kà. Ó ní ẹran tó sanra ju ẹmọ́ lọ, wọn ò pa á, wọ́n tún wá rán ibùsùn fún un. Ó ní òun kọ́ ọmọ ní ìwé ní gbogbo ayé òun, òun ò mọ̀ pé ibi tí ìwé ń gbé ọmọ lọ nìyí. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n, kò ní pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ti sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ń kọjá báyìí, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹmọ́ ọmọ mi ti sùn, bóyá ó nílò ìrọ̀rí.

Èmi ò bá ọ jà. Ẹni tó bá rán nǹkan dáadáa, dáadáa ló rán an, ì báà jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ti ẹmọ́. Mo kàn fẹ́ sọ pé o fi gbogbo ìwé sọ̀rọ̀ ẹranko, ìlà kan péré lo fún ọkọ rẹ. Ṣé ó ń jẹun? Fúnṣọ́ ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́ èdè wa?

Ẹ̀wù àwọn akọrin ni mò ń rán lọ́wọ́. Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ibẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.
Ìyá rẹ


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin, 1978

Monínúọlá, ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bàbá rẹ wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má bàa já.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, bí a ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ síwájú láti di okùn bàtà rẹ̀, okùn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó nílẹ̀, kò lè mú un. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá ọ̀tún ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé ìwòsàn ní ẹ̀gbà ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ní kí a máa gbé e lọ sílé. Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. N kò kọ̀wé sí ọ kíá, torí mo fẹ́ rí ibi tí yóò já sí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí kì í ṣe apá tó rọ. Egbò kan ti yọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lókè ìdí, níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ibi tí iná ta sí. Nísinsìnyí ó ti bó. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ìjọ wa ń wá wẹ̀ ẹ́, ó ní ìdùbúlẹ̀ ló fà á. Mo rò pé bóyá ìdọ̀tí ni, ni mo bá tún múra sí ìmọ́tótó. Mo tẹ́ rọ́bà sórí mátírẹ́ẹ̀sì, mo sì ń tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun tí mo fi sítáàṣì sí lé e lójoojúmọ́. Ojoojúmọ́ ni àlejò ń wá kí i, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá Olùkọ́ Akínbọ́lá lórí ibùsùn tó rún. Síbẹ̀ egbò náà ń fẹ̀ sí i. Ọláoyè, àbúrò rẹ̀, ń ti Ìyìn wá bá mi gbé e.

Iṣẹ́ rẹ ni èyí. Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Ìyá rẹ


Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 1978

Ìyá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú làálàá. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ní ilé ìwòsàn wa kí n lè wálé, wọ́n ní kò ní ṣeé ṣe kí oṣù Kejìlá tó dé. Mo sunkún, mo nu ojú mi, mo wá jókòó láti kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀.

Egbò ìdùbúlẹ̀ ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ fi ìka tẹ èékánná yín mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó di funfun, torí ẹ̀jẹ̀ ti sá níbẹ̀. Ẹ gbé ìka yín kúrò, ẹ̀jẹ̀ á padà. Ìwúwo Bàbá ń tẹ ẹran ara mọ́ egungun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé ìka kúrò. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ebi ló ń pa á, ó sì ń kú. Bí òógùn àti omi bá tún wà níbẹ̀, awọ á rọ̀ bí ìwé tó bọ́ sómi. Aṣọ tó bá le á wá máa ha á.

Nítorí náà, ẹ ká rọ́bà yẹn kúrò, ooru ló ń pa mọ́ sábẹ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sítáàṣì dúró. Ẹ máa yí Bàbá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì léraléra ní ọ̀sán àti ní òru, kí ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń yí wọn, ẹ gbé wọn, ẹ má wọ́ wọn.

Mo fi aṣọ kan rán Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, ará Ìjan tó ń bá Ọlátúndé ṣiṣẹ́, tó ń bọ̀ wálé. Aṣọ onírun tí mo sọ fún yín ni, torí aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń hun ún. N kò fẹ́ kí Bàbá sùn lórí àjákù, nítorí náà mo ra odidi rẹ̀, tó gùn tó ibùsùn, mo sì mú èyí tó funfun jù lọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ẹ tẹ́ ẹ kí irun rẹ̀ dojú kọ òkè. Kí ara Bàbá kàn án tààrà, kí aṣọ mìíràn má wà láàárín wọn.

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Kí wọ́n dúró dè mí.

Monínúọlá


Leeds, Ìlú Ọba
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, 1978

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ti padà dé, ó ní òun fi ẹrù náà lé yín lọ́wọ́ nínú pálọ̀, pé ilé kún fún èrò lọ́jọ́ náà. Mo béèrè bí Bàbá ṣe gbà á, ó kàn ń wo ilẹ̀, ó ní kí n dúró de ìwé láti ilé.

Mo ti dúró. Kò sí ìwé. Bí mo bá gbọ́ ìró àpótí lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ńṣe ni mò ń sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ṣé ẹ ti tẹ́ aṣọ náà? Egbò ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀, ẹ bá mi wí. Ìbáwí yín sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ.

Monínúọlá


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, 1978

Monínúọlá,

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́, òun ni mo ṣe pẹ́.

Ọjọ́ tí Ajíbádé mú ẹrù rẹ dé, àwọn ẹbí bàbá rẹ ti wá kí i. Ọláoyè ló tú okùn ẹrù náà níwájú gbogbo èèyàn, inú rẹ̀ ń dùn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fi nǹkan ránṣẹ́. Ó tú aṣọ náà, ó funfun báláú, ó gùn tó ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé, ọmọ mi? Nínú ẹbí yìí, ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ ló ń mú aṣọ funfun wá láti fi tẹ́ bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá kú. Ọláoyè rọra ká aṣọ náà padà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ṣì ń mí. Ta ló ní kí Monínúọlá mú aṣọ tirẹ̀ wá?”

Bàbá rẹ gbọ́ láti yàrá. Mo wọlé lọ bá a, mo ṣàlàyé ohun tí o kọ, gbogbo rẹ̀, títí kan ti èékánná. Ó yí ojú sí ògiri. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, “Ó ti mọ̀ pé òun ò ní bá mi. Ó ti rán tirẹ̀ ṣáájú.”

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò wọlé sí i lẹ́nu mọ́. A ti ká rọ́bà kúrò, mo ti dá sítáàṣì dúró, à ń yí i bí o ṣe wí, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń sọ pé kí a fi òun sílẹ̀. Egbò náà ti jinlẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì wa ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ bó bá ń wẹ̀ ẹ́.

Mo mọ ọkàn rẹ, èmi ni mo bí ọ. Mo mọ̀ pé aṣọ náà dára. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ: nígbà tí mo gbé e dání, tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọwọ́ mi ò lọ. N kò lè tẹ́ ọkọ mi sórí rẹ̀. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Ṣé ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni Ìlú Ọba wà?

Ìyá rẹ


Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje, 1978

Ìyá mi,

Mo ka ìwé yín lórí ìdúró, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn kí n tó parí rẹ̀. Ẹ forí jì mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà láàárín àwọn tí aṣọ funfun ò sọ ohunkóhun fún ju pé ó mọ́ lọ. Ẹ bá mi bẹ bàbá kékeré, Ọláoyè, wọn ò ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n sọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí ẹ rẹ aṣọ náà sínú aró. Kò ní gbà á. Irun rẹ̀ kì í ṣe òwú, ńṣe ni aró á ṣàn kúrò lára rẹ̀. Bí mo ṣe ń ronú, mo bojú wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí àwọn ibùsùn ẹmọ́ tí mo ti rán kalẹ̀ de ọjọ́ Sátidé. Kò sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn: ọ̀kan ní àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ọ̀kan dúdú bí aró, etí wọn sì jẹ́ aṣọ pupa àti aṣọ olódòdó. Mo bi ara mi pé, láyé, níbo ni wọ́n ti ń fi àjákù aṣọ alárànbarà tẹ́ òkú?

Mo ti kó gbogbo wọn sínú àpótí, mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ nípa ọkọ̀ òfuurufú. Mo bẹ àwọn ọmọ tó ń dúró de tiwọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé bàbá mi ni mo fẹ́ fi tọ́jú, ọmọbìnrin kan lọ sílé, ó sì dá tirẹ̀ tó ti rà padà fún mi, ó ti fọ̀ ọ́. Ó wà nínú àpótí náà; èyí tí ojú abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn wà ní igun rẹ̀ ni.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní etí sí etí títí wọn ó fi tó ìwọ̀n ibùsùn Bàbá. Ẹ má ṣe gbé ọ̀kan gun èkejì, torí ibi tó bá ga níbẹ̀ á tẹ Bàbá lára bí okùn. Kí ẹ rán an ní kọ́lọkọ̀lọ, kí abẹ́rẹ́ máa lọ sọ́tùn-ún kó máa bọ̀ sósì, kí ó mú etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí gbogbo kókó òwú wà nísàlẹ̀. Aṣọ náà nípọn ju agbára máṣìnì ọlọ́wọ́ yín lọ. Ẹ gbé e lọ fún Jùbrílù tó ń rán aṣọ ìbòrí àga, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ á gbà á.

Ohun kan tó kù: ẹ má parọ́ fún Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé ibùsùn ẹmọ́ ni.

Monínúọlá


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án, 1978

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìyá Fúnṣọ́, ọmọ tó mú mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sunkún,

Àpótí rẹ dé. Jùbrílù ò jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò ní tú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn oníbàárà òun títí òun ó fi mọ ohun tó jẹ́. Òun àti Ràṣídátù ìyàwó rẹ̀ ló gbé máṣìnì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo ṣàlàyé fún wọn, Ràṣídátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní eku ilé tiwọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí, wọ́n á béèrè tiwọn. Mo to àwọn aṣọ náà, mo dì wọ́n mú etí sí etí, Jùbrílù ń rán. Bí etí méjì bá fẹ́ gun ara wọn, mo ń gbá a lọ́wọ́.

Bàbá rẹ gbọ́ ariwo máṣìnì láti yàrá. Ó béèrè ohun tí a ń rán. N kò parọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ibùsùn ẹmọ́ tí Monínúọlá ń tà ni, pé a ń so ó pọ̀ fún un láti sùn lé.

Nígbà tí Jùbrílù parí, èmi àti Ọláoyè gbé e wọlé. Ọláoyè ò lè pa ẹnu mọ́, o mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orí ibùsùn eku ni wọ́n fẹ́ tẹ́ yín sí o.”

Bàbá rẹ wo aṣọ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wo àwọ̀ ilẹ̀, ó wo àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo aláwọ̀ ọsàn tí ọmọ òyìnbó dá padà. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu tó wúwo yẹn sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ọláoyè. Eku tó kú ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn fún, àbí èyí tó wà láàyè?”

Ọláoyè ní, “Èyí tó wà láàyè ni.”

“Ẹ gbé mi lé e.”

A gbé e lé e. A ò wọ́ ọ. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì jí, ó béèrè oúnjẹ. Ó ní ẹmọ́ tí wọ́n tẹ́ ibùsùn fún, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ẹ̀fọ́.

Láti ìgbà náà, egbò ò fẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ìjọ wa ní ẹran tuntun ti ń hù nísàlẹ̀ rẹ̀, ó pupa dáadáa, etí rẹ̀ sì ti ń sún mọ́ ara wọn. Nọ́ọ̀sì náà ti padà máa ń sọ̀rọ̀ bó bá ń wẹ̀ ẹ́. Ní ìdájí, bí mo bá ń yí bàbá rẹ, mo máa ń fi ọwọ́ kan aṣọ náà lábẹ́ rẹ̀: ó gbẹ. Ọmọ mi, mo mọ ohun tó jẹ́ láti fọwọ́ kan ibi tí ọkọ mi sùn lé kí n sì bá a ní gbígbẹ. Àwọn àlejò ti padà ń wá, bàbá rẹ sì ń fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ́ wọn bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Aṣọ funfun náà, Ọláoyè fúnra rẹ̀ ló ní kí a mú un jáde nínú àpótí. A gé e sí wẹ́wẹ́, Jùbrílù fi aṣọ pupa ṣẹ́ etí rẹ̀, a ń fi í sábẹ́ gìgísẹ̀ àti ìgúnpá. Ó ti tán lára wa, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́: “Monínúọlá, uṣẹ́ rẹ dára. Má fi sílẹ̀. Mò ń retí rẹ nínú ulé yìí.”

Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó dá tirẹ̀ padà. Bá mi kí ìyá rẹ̀. Ràṣídátù ní ìyá òun ń dùbúlẹ̀ ní Ìjan, ó sì ń béèrè ohun tí èmi náà fẹ́ béèrè: báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé egbò mìíràn fẹ́ yọ, kí ó tó yọ?

Ìyá rẹ


Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, 1978

Ìyá mi ọ̀wọ́n, Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì dúpẹ́. Mo ka ìwé yín fún Ọlátúndé, ó ní kí n tún ibi tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ kà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó dá ibùsùn rẹ̀ padà. Ó bi mí bóyá Bàbá máa ń gé aṣọ náà jẹ, mo ní wọn kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá mi. Ẹ bá mi kí Jùbrílù, ẹ bá mi kí Ràṣídátù. Ẹ sọ fún bàbá kékeré pé èsì tí wọ́n fún Bàbá ló mú Bàbá dìde lọ́kàn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìsinmi mi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ni màá wọlé, èmi àti Fúnṣọ́.

Bí ẹ bá fọ aṣọ náà, ẹ má lo omi tó ń hó, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù kàn án, irun rẹ̀ á yọ́ pọ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí irun náà nà sókè, kí ẹ sá a sí ibòji.

Ohun tí ẹ béèrè: ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níbí ní kí a máa wo ibi tó bá pọ́n. Lára aláwọ̀ funfun ni ìyẹn ti rọrùn. Lára tiwa, egbò lè ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ kí ojú tó rí i. Nítorí náà ẹ lo ọwọ́, ẹ̀yin àti Ràṣídátù. Nígbàkigbà tí ẹ bá yí aláìsàn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, kan ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ: ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgúnpá, ẹ̀yìn orí. Lẹ́yìn náà ẹ kan awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ibì kan bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó le ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó dúdú sí i, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi òróró pa á. Ẹ kàn má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lé ibẹ̀ títí ooru náà yóò fi lọ. Bí ooru náà ò bá lọ, ẹ ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì.

Èmi ọmọ yín,
Monínúọlá